Àlà Tó Gbòòrò Jù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ọ̀mọ̀wé Stephen Ọláyínká Ọlọ́runnísọ̀lá (1946–2025)

Ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀. Ìró ọ̀bẹ lára igbá nìyẹn. Ẹni tó bá jí ní agbo ilé Ọlọ́runnísọ̀lá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé ọjọ́un, ìró yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, kó tó gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó gbọ́ àkùkọ pàápàá. Àwa kan wà nínú ẹbí tí a ti fi òkun sáàárín ara wa àti Ọ̀yọ́ láti ìgbà pípẹ́, tí a ṣì máa ń gbọ́ ọ bí oorun bá fẹ́ gbé wa lọ. Inú ìró yẹn ni wọ́n bí Bàbá sí ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1946. Olóògbé David Ọlọ́runnísọ̀lá, ọ̀kan lára àwọn tí igbá fínfín mọ̀ lọ́wọ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Màmá Léà Àbẹ̀ní, ọmọ bíbí Ìkòyí-Ilé, ni ìyá wọn. Bàbá ni àbíkẹ́yìn. Ìyá wọn ń pè wọ́n ní Àkànní, bàbá wọn ń pè wọ́n ní Ọláyínká, àwọn olùkọ́ ń pè wọ́n ní Stephen. Èyíkéyìí tí ènìyàn bá pè, wọn yóò dáhùn, bí kò bá ti jẹ́ pé ìṣirò ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́.

Ní ọdún 1953, wọ́n fi Bàbá sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà tí kò jìnnà sílé. Bàbá wa àgbà fẹ́ kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ igbá, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá kò gba ọ̀bẹ. Igbá tí wọ́n bá fín, ṣe ni ìlà rẹ̀ máa ń dà bíi pé ẹyẹ ló fẹsẹ̀ kọ ọ́. Bàbá wa àgbà wò ó títí, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kó máa kàwé rẹ̀ lọ, igbá kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Báyìí ni Bàbá ṣe parí ìwé mẹ́fà, tí wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, tí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀ ní ọdún 1965. Wọ́n ṣe tíṣà ní àwọn abúlé tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká fún ọdún bíi mélòó kan. Bí wọ́n bá wálé lásìkò ìsinmi, eruku ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ti sọ irun wọn di pupa, wọn yóò sì máa rojọ́ àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń kọ́ ní ìsọdipúpọ̀ bí ẹni ń rojọ́ ọmọ ara rẹ̀.

Ní ọdún 1970, Bàbá wọ yunifásítì ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn ni sítátísítíìsì, èyí tí Bàbá máa ń túmọ̀ sí kí ènìyàn fi ìwọ̀nba tó rí sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀ tí kò rí, láìpurọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fojú kan kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà tó odidi yàrá, orí káàdì ni wọ́n sì máa ń lu ihò sí kí wọ́n tó lè bá a sọ̀rọ̀. Bàbá kọ́ èdè rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fortran. Wọ́n kọ ètò ìṣirò kan ní èdè náà, wọ́n sì ń tọ́jú ètò yẹn bí ẹni tọ́jú àkọ́bí. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti pààrọ̀, wọn yóò tún un tẹ̀ sínú tuntun. Títí tí Bàbá fi dolóògbé, ètò náà wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1975, Bàbá gbé Rúùtù níyàwó, ọmọ ilé rere kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ilé wọn, agbẹ̀bí sì ni iṣẹ́ Màmá Rúùtù. Àwọn àna wa bèèrè lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Bàbá ṣàlàyé tán, ẹ̀gbọ́n ìyàwó kan yíjú sí àwọn yòókù, ó ní kò yé òun, ṣùgbọ́n ó jọ pé kì í ṣe olè. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, ó dá wa lójú pé òun ló jẹ́ kí ìgbéyàwó ọ̀hún tọ́jọ́.

Bàbá ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì ṣí wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1992 láti máa kọ́ni ní yunifásítì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ọdún 2011. Ní gbogbo àkókò yìí, wọ́n jẹ́ òǹkàwé nínú ìjọ Áńgílíkà. Àwọn ará ìjọ máa ń sọ pé ìwàásù Bàbá kì í gùn, nítorí wọ́n máa ń sọ iye kókó tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í fi ẹyọ kan lé e. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń kọ́ àwọn oníṣòwò Sábó àti àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Alhaji Saifudeen, tó ń ta àlùbọ́sà níbẹ̀, sọ fún wa pé òun kò mọ̀ pé olùkọ́ yunifásítì ni Bàbá títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ó rò pé tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní sùúrù ni.

Iṣẹ́ tí Bàbá fẹ́ràn jù kò ní orúkọ tó rọrùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣàlàyé rẹ̀. Wọn yóò ní: ká ní ẹnì kan da iyanrìn sílẹ̀ ní òkìtì, o fẹ́ mọ bó ti pọ̀ tó, wọn kò sì jẹ́ kí o kó o. Wàá ti igi bọ̀ ọ́ níhìn-ín láti mọ gíga rẹ̀, wàá tì í bọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, wàá wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òkìtì tiwọn kì í ṣe ti iyanrìn. Inú ìṣirò ló wà, bí ìlà tó gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwé, tí wọ́n fẹ́ mọ bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti tó. Ọ̀pọ̀ irú òkìtì bẹ́ẹ̀ wà tí bírò àti ìwé kò lè wọ̀n. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa ti igi bọ̀ ọ́. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló sì ní bó ṣe ń yan ibi tí yóò ti igi rẹ̀ bọ̀. Nítorí náà, yíyan irinṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ọ̀rọ̀ yíyan irinṣẹ́ yìí ló dé bá Bàbá ní ọdún 2023, òun la sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ bá wa péjọ lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ẹ kò gbọ́ ìparí.

Ọ̀mọ̀wé Dámisí Akínkúnmi, tí Bàbá kọ́ láti ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì títí tó fi gboyè, ló ń darí iṣẹ́ kan fún àwọn ilé ìwòsàn mélòó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀. Ìbéèrè wọn ni pé, lẹ́yìn ìbímọ, títí di ìgbà wo ló yẹ kí nọ́ọ̀sì máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru ìyálọ́mọ kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé? Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣe tirẹ̀. Níbìkan, àwọn aboyún ń tètè wá; níbòmíràn, ó di ọjọ́ tí ìrọbí bá mú wọn. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fojú rí. Gbogbo iye tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n sì rò ó pọ̀ mọ́ ìṣirò. Òkìtì dé nìyẹn. Dámisí fẹ́ fi irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní R wọ̀n ọ́n. Igbákejì rẹ̀, Mashood, ní bí kò bá jẹ́ R, kó jẹ́ Python. Wọ́n gbé e wá sílé fún Bàbá pé kí wọ́n bá àwọn yàn, nítorí àgbà ni wọ́n.

Bàbá kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọ̀kan, àwọn òbí rẹ̀ kò rí ju lẹ́tà kan ṣoṣo sọ ọ́. Èkejì, ejò òjòlá ni wọ́n fi sọ ọmọ. Mashood dáhùn pé Fortran náà kì í ṣe orúkọ tí ènìyàn lè fi pe ọmọ nínú ọjà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Bàbá ní kí wọ́n fi òkìtì náà sílẹ̀ fún òun, òun fúnra òun yóò dán R wò.

Àṣìṣe tó wọlé níbẹ̀, ọmọ Ìkòyí-Ilé nìkan ló lè ṣe é. Ní ilé ìyá Bàbá, bí wọ́n bá fẹ́ wọn ilẹ̀ oko tí ọmọ ìyá fẹ́ pín, inú igbó lẹ́yìn àlà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta okùn, wọn yóò sì ta á kọjá àlà kejì wọ inú igbó. Wọ́n ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n gé ti òun kù. Kò sì sí ẹ̀tàn níbẹ̀: ebè ni wọ́n ń kà, igbó kò ní ebè, ohun tí kò ní ebè kò lè fi kún ìṣirò. Bàbá gbé àṣà yìí wọ inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n fún R ní àlà, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n àti ibi tí yóò ti dúró, tó gbòòrò kọjá ààlà, débi pé òkìtì tóóró tó wà nínú rẹ̀ dà bí ilé èèrà kan ṣoṣo lórí gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. R ti igi bọ ilẹ̀ káàkiri, gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀ tẹ́jú. Ó mú òdo wá. Ó tún fi ìdánilójú kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àṣìṣe òun kò tó nǹkan.

Nígbà tí àwọn oníṣirò péjọ ní yunifásítì láti gbọ́ iṣẹ́ Dámisí, Bàbá dìde. Gbọ̀ngàn náà kún. Wọ́n gbé ìwé tí òdo wà lórí rẹ̀ sókè, wọ́n ní, "Irinṣẹ́ tó dé orí òkìtì tó ní ilẹ̀ tẹ́jú ni, ẹ má fi ṣe iṣẹ́ àwọn ìyálọ́mọ."

Dámisí kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Bàbá, àlà yẹn ló gbòòrò jù."

Bàbá dá a lóhùn pé àlà gbígbòòrò kò jẹ ẹnikẹ́ni níyà rí. Wọ́n sì jókòó. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, nítorí ta ni yóò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Bàbá ló kọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn náà.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti dúró. Dámisí ti fi R wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àlà tó mọ níwọ̀n, ìdáhùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé ó tọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn lórí ọ̀rọ̀ tí Bàbá ti dè, àfi tí Bàbá bá tú u. Mashood bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí wọ́n fi ẹnu pe Fortran, kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ R, ta ni yóò mọ̀? Dámisí kọ̀. Ó ní ẹni tó kọ́ òun ní ìṣirò, òun kò ní fi ìṣirò gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Àwọn ilé ìwòsàn ń bèèrè, ó ń tọrọ àforíjì. Àwọn ìyálọ́mọ sì ń lọ sílé bí wọ́n ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìpàdé náà tí Bàbá rò ó pé àwọn yóò fi ẹ̀rí lé ọ̀rọ̀ àwọn. Wọ́n jókòó ti ètò Fortran wọn, wọ́n fún un ní òkìtì kan náà àti àlà kan náà, kí wọ́n lè fi han àwọn ọmọ wọ̀nyí bí irinṣẹ́ tòótọ́ ṣe ń ṣe. Òdo ló mú wá. Wọ́n tún un tẹ̀. Òdo ni. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń lo ètò náà, wọn kò fún un ní irú àlà bẹ́ẹ̀ rí, nítorí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ kọ̀ǹpútà ni kò jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà sí orí òkìtì. Màmá Rúùtù gbé oúnjẹ wá, oúnjẹ náà tutù. Wọ́n bi Bàbá pé kí ló dé. Bàbá ní kọ̀ǹpútà ni ara rẹ̀ kò yá.

Màmá ní, "Bàbá Adéọlá, ṣé kọ̀ǹpútà ló kọ oúnjẹ?"

Bàbá mú ìwé àti pẹ́ńsù, wọ́n ya òkìtì náà bó ṣe rí nínú àlà tí wọ́n fún un. Àlà náà gùn láti etí ìwé dé etí ìwé, òkìtì ọ̀hún sì dúró níbìkan bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mọ́ aṣọ. Wọ́n mọ̀. Láti wákàtí náà ni wọ́n ti mọ̀. Mímọ̀ kò sì ṣòro fún Bàbá rí. Sísọ ló ṣòro. Ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ lélẹ̀ ní gbọ̀ngàn, báwo ni yóò ṣe padà kó o nílẹ̀?

Dámisí sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ní gbogbo ọdún 2024, òun máa ń rí i lórí fóònù òun, ní WhatsApp, pé Bàbá ń tẹ nǹkan. Yóò hàn pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, yóò tún dáwọ́ dúró, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá yá, kò ní sí nǹkan kan. Ó ní bí òun bá ti rí i, òun a gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹyẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ọkàn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. A gbé wọn sí ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rù tó ń bà wá nígbà náà kì í ṣe ti ikú nìkan, nítorí Màmá ti fòye gbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún àwa ẹbí. Bí Bàbá bá lọ láìtú ohun tí wọ́n dè, Dámisí yóò gbé e rù títí ayé, a sì mọ̀ pé Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹrù sí orí ọmọ. Dámisí wá kí wọn. Kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá. Ó sọ̀rọ̀ òjò tí kò tètè rọ̀, ó sọ bí ọmọ rẹ̀ kékeré ṣe ń fi ẹnu ṣe mọ́tò kiri ilé, ó bá Bàbá bó ọsàn, ó sì lọ. Nígbà tó jáde, Màmá dúró ti bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ní, "Ọmọ tí ẹ so mọ́lẹ̀ ló wá bó ọsàn fún yín yẹn. Àwọn ìyálọ́mọ kò mọ Fortran o, Bàbá Adéọlá. Ìrọbí ni wọ́n mọ̀."

Bàbá ní kí Màmá bá àwọn mú awò ojú, kí wọ́n sì bá àwọn mú fóònù. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà wọn kò pa ohunkóhun rẹ́. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Dámisí, wọ́n sì bèèrè oúnjẹ. Màmá ní láti ìgbà pípẹ́, òun kò rí i kí Bàbá fi ẹnu ara wọn bèèrè oúnjẹ.

Iṣẹ́ náà dé ọwọ́ àwọn ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń dá àwọn ìyálọ́mọ dúró pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ báyìí láti máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Bàbá fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Mashood ló wá sọ fún wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní kí a gbé àwọn lọ sí Ọ̀yọ́, àwọn fẹ́ sinmi nílé. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n sùn lọ ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, ní ọ̀sán gangan, lórí àga tó wà ní ìta, láìkérora. Ìbànújẹ́ wà lọ́kàn wa, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni Bàbá ṣe lọ, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni àwa náà ṣe ń sin wọ́n.

Bàbá fi ìyàwó wọn, Màmá Rúùtù Ọlọ́runnísọ̀lá, sáyé lọ. Wọ́n fi àwọn ọmọ sáyé lọ: Adéọlá ní Ìlọrin, Olúwadámiláre ní Ọ̀yọ́, àti Àánúolúwapọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú ọkọ àti ìyàwó wọn. Wọ́n fi àwọn ọmọ-ọmọ sáyé lọ, tí Ìtẹ́olúwa jẹ́ àgbà wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó ń gbé ní òkè òkun. Àwọn ẹbí ní Ìkòyí-Ilé. Àti àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ níwèé tí kò ṣeé kà tán. Dámisí ní kí a má gbàgbé òun. A kò gbàgbé rẹ̀. Ọmọ ni.

Àkànní, ọmọ Léà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilẹ̀ tí ẹ wọ̀ lọ kò ní le mọ́ yín. Kí Olúwa tó dá òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbà yín sí àyè ìrọ̀rùn. Ẹ sùn re o, Bàbá.

Bàbá ní bí àwọn bá kú, kí a tẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn fi ránṣẹ́ sí Dámisí sínú ìwé ètò ìsìnkú, nítorí gbangba ni àwọn ti dè é, gbangba ló yẹ kí àwọn ti tú u. Òun nìyí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́:

"Dámisí ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Mo fún tèmi ní àlà kan náà, òdo lòun náà mú wá. Àlà mi ló gbòòrò jù, R kò ṣẹ̀. Ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ya òkìtì náà kí ẹ fojú rí ibi tó wà, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Kí ẹ sì fi irinṣẹ́ mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, torí irinṣẹ́ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bá dọ́gba, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la. Bá mi kí Mashood. Ẹ má dúró dè mí mọ́."